Nígbà Tí Ẹbí Bá Fẹ́ Bá Yín Lójú Omi

Great Loop ni wọ́n ń pe ọ̀nà omi tó yí apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà po bí ìgbànú. Ó tó nǹkan bí 6,000 máìlì. Ẹni tó bá gbéra ní Florida á bá etíkun Àtìláńtíìkì gòkè dé New York, á wọ odò Hudson, á gba Erie Canal já sí àwọn Adágún Ńlá, á la Lake Michigan kọjá dé Chicago. Láti ibẹ̀, á bá odò Illinois àti Mississippi sọ̀ kalẹ̀, á yà sí Ohio àti Tennessee, á gba Tenn-Tom Waterway dé Mobile ní Alabama, kó tó gba etí òkun Gulf padà sí Florida. Kò sí ibì kan pàtó tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ yín bá wà ni ìbẹ̀rẹ̀ yín, ọjọ́ tí ẹ bá sì tún gúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi bí ọdún kan rìn ín, púpọ̀ nínú wọn sì ni tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ tíṣà tàbí iṣẹ́ takisí ní Baltimore, Brooklyn tàbí Chicago, ọ̀rọ̀ ẹbí lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Àwọn ọmọ á bi yín pé kí lẹ ń wá lójú omi lọ́jọ́ ogbó. Tí wọ́n bá wá rí fọ́tò oṣù kìíní, gbogbo wọn á fẹ́ wá: ọmọ-ọmọ, àna, àti ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn fún ìsinmi. Ó sì yẹ kí wọ́n wá. Lójú tèmi, ọdún kan lójú omi tí ọmọ-ọmọ kò tẹsẹ̀ bọ ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún. Àmọ́ ewu kan wà níbẹ̀, òun ni mo ṣe ya orí yìí sọ́tọ̀ fún. Ọkọ̀ ń tẹ̀lé ojú ọjọ́, àlejò ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà. Ohun tó máa ń ti àgbàlagbà tó ní làákàyè wọ inú ìgbì tí kò yẹ kó wọ̀ ni pé ọmọ kan ti wọ bàálù, ó sì ti sọ pé òun máa dúró dè wọ́n ní èbúté iwájú lọ́la. Gbogbo ètò tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nínú orí yìí, kí irú ọ̀la bẹ́ẹ̀ má bàa wáyé ni.

Ẹ̀yin méjì ni kó kọ́kọ́ mọ ọkọ̀

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má gba àlejò kankan sùn nínú ọkọ̀, ì báà ṣe ọmọ tó dá owó sí i. Àlejò ń gba ojú àti etí ẹni, ọkọ̀ tuntun náà sì ń béèrè ohun kan náà: omi tó ń kán níbi tí kò yẹ, ìró ẹ́ńjìnnì tó yí padà, bátìrì tí kò gba iná mọ́. Ẹ rìn bí 30 máìlì lóòjọ́, kí ẹ sì dákọ̀ró nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Kí okùn ìdákọ̀ró tí ẹ máa tú sílẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún sí méje jíjìn omi, kí ẹ má sì gbàgbé láti ka gíga imú ọkọ̀ mọ́ jíjìn náà. Ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú kí ẹ lè mọ bó ṣe ń di ilẹ̀ mú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà lóru.

Lọ́ọ̀kì ni ohun tó máa ń ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́rù jù. Yàrá omi ni, olódi kọnkéré, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á wá tú omi sí i tàbí kí wọ́n tú u jáde títí ọkọ̀ á fi bá omi iwájú dọ́gba. Irú rẹ̀ tí ẹ máa gbà kí ẹ tó parí ìrìn àjò lè lé ní 100, ọ̀nà tí ẹ bá yàn ló máa sọ. Ohun tó gbọ́dọ̀ wọ̀ yín lára níbẹ̀ ni pé a kì í so okùn mọ́ ọkọ̀ gírígírí nínú lọ́ọ̀kì. Ọwọ́ lẹ máa fi dì í mú, ẹ ó máa tú u díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá so pa, tí omi wá ń fà lábẹ́ rẹ̀, á fi okùn náà rọ̀ sára ògiri, ìgbà náà lẹ máa mọ ìdí tí ọ̀bẹ fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bàbá ló máa ń wà nídìí ìtọ́kọ̀, ìyá á sì máa fo sórí èbúté pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ yí i padà. Okùn ló ń fẹ́ agbára, ìtọ́kọ̀ ń fẹ́ ojú tó mọ́lẹ̀ àti sùúrù. Ìdí kejì lágbára jù ú lọ: bí àyà bá dun bàbá láàárín odò Mississippi, ìyá ló máa gbé ọkọ̀ dé èbúté. Nítorí náà kí àwọn méjèèjì mọ ẹ́ńjìnnì í tan, kí wọ́n mọ ọkọ̀ í gúnlẹ̀, kí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lórí rédíò ní ojú ìlà 16: orúkọ ọkọ̀, ibi tó wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi kọ́ etí, kí ẹni tó wà níwájú lè bá ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ariwo tó bá jáde lẹ́nu tọkọtaya lórí okùn kì í tètè tán nílẹ̀.

Ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà kí ẹ tó gbéra. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní New York, láti 2025, gbogbo ẹni tó bá máa wa ọkọ̀ onímọ́tò gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ààbò, ọjọ́ orí yòówù kó ní. Àwọn ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun, Coast Guard Auxiliary, máa ń bá ènìyàn yẹ ọkọ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì sọ ohun tó kù síbẹ̀ fún yín láìkọ ìwé ẹ̀sùn. Bí ẹ kò bá sì mọ omi í wẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó dàgbà nílùú tí kò ní odò ńlá kò mọ̀ ọ́n, YMCA ń kọ́ àgbàlagbà. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín níwájú àwọn ọmọ kéékèèké tó ń wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Kí ẹ tó kúrò nílẹ̀, ẹ yan ọmọ kan ṣoṣo ṣe agbẹnusọ. Òun ni yóò mọ ibi tí ẹ ń lọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan àti aago tí ẹ máa pè. Òun náà ló máa mọ wákàtí tó máa kọjá láìgbúròó yín kó tó pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó kù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n ti máa gbọ́. Bí ẹ bá fi èyí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ WhatsApp gbogbo ẹbí, fóònù á dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lórí odò Illinois, àdúrà á ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ẹnì kan á sì ti wọ mọ́tò láti wá yín.

Ọjọ́ tàbí ibi

Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú ní òfin kan: àlejò lè yan ọjọ́, ó sì lè yan ibi, àmọ́ kò lè yan méjèèjì. Bí ọmọ yín tó jẹ́ dókítà bá ní ọ̀sẹ̀ kan péré ní July, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ibikíbi tí ẹ bá wà lọ́jọ́ náà ló máa ti bá yín. Bí ẹ̀gbọ́n bá sọ pé New York lòun fẹ́ rí, kò burú, kí ẹ̀gbọ́n dúró de ìpè yín, bó bá tiẹ̀ gba ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó sanwó bàálù. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí padà wọ́n díẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà yìí tó mú òfin náà rọrùn. Rélùwéè Empire Service ti Amtrak bá odò Hudson gòkè láti New York dé Albany, ó sì kọjá ní Schenectady, Utica, Syracuse, Rochester àti Buffalo, tó jẹ́ agbègbè kan náà tí Erie Canal gbà. Ọmọ tó bá ní ọjọ́ tí kò ṣeé yẹ̀ lè wọkọ̀ ní Manhattan kó sì sọ̀ sí ìlú tó bá sún mọ́ yín jù. Bí òjò bá dá yín dúró ní Utica, Utica náà ni yóò sọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó ìbẹ̀wò tó pọ̀ jù sí ibẹ̀.

Àwọn ibòmíràn wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́ rárá. Etíkun New Jersey ni àkọ́kọ́, nítorí pé ojú òkun gbangba ni ọkọ̀ tó pọ̀ jù máa gbà láti Cape May dé New York. Lake Michigan ni ìkejì: ó gùn ju 300 máìlì lọ, ìgbì rẹ̀ kì í jìnnà síra, ó máa ń dúró gaga, ó sì lè dá yín dúró ní èbúté kan fún ọjọ́ mélòó kan. Ìkẹta ni ìsọdá Gulf láti Carrabelle dé Tarpon Springs, bí 170 máìlì. Nínú ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́, gbogbo òru lẹ máa fi wà lójú òkun láìrí ilẹ̀. Ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin tó mọ ọkọ̀ í wà wúlò gan-an lóru ọjọ́ náà, ẹ lè pè é. Àmọ́ ẹni tó máa bá yín sọdá gbọ́dọ̀ lè fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ dúró de afẹ́fẹ́ tó dára. Ẹni tó ní ìpàdé ní Monday, kó lọ dúró dè yín ní Tarpon Springs.

Ibi tí ẹ máa wà, oṣù tí ẹ máa wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló ń yí Great Loop lódìkejì ọwọ́ aago, nítorí pé báyìí ni ìṣàn Illinois àti Mississippi yóò fi máa tì yín lẹ́yìn. Àkókò ìjì líle ní Gulf àti Àtìláńtíìkì jẹ́ June 1 sí November 30, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í sì í fẹ́ kí ọkọ̀ wà ní gúúsù láàárín ìgbà náà. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa, nítorí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ lè wọ Mobile. Láti inú èyí ni kàlẹ́ńdà ẹbí ti máa jáde. Ìsinmi ọmọ ilé ìwé ti March àti April á bá yín ní Florida tàbí Georgia. Ní May, ẹ ó wà ní Chesapeake, àwọn tó wà ní Maryland lè wá lópin ọ̀sẹ̀ kí wọ́n sì padà sílé ní alẹ́ Sunday. Ìdajì May ni wọ́n máa ń ṣí Erie Canal. June àti July jẹ́ ti ọmọ-ọmọ. Kí ilé ìwé tó wọlé, ẹ ó ti wà lórí Lake Michigan, ẹ ó sì kúrò ní Chicago ní September. Ìdúpẹ́ Thanksgiving, Thursday kẹrin November, á bá yín ní agbègbè Mobile.

Bí ẹ bá ní ọmọ ní Chicago, ẹ wọn gíga ọkọ̀ yín kí ẹ tó rà á. Afárá kan wà ní gúúsù Chicago tí kò ṣeé gbé sókè, gíga rẹ̀ sí omi jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 19 àbọ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ẹ lè gbà yẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tó bá sì fẹ́ gba àárín ìgboro kọjá lábẹ́ àwọn ilé gogoro, kí gíga rẹ̀ má ju ẹsẹ̀ bàtà 17 lọ. Ó wù mí kí ẹ rí i pé tiyín wọ̀ ọ́, kí àwọn ọmọ lè dúró lórí afárá ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n máa wo bàbá àti ìyá wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ má kó ọmọ-ọmọ tó ní bàálù lọ́la wọ odò Illinois. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí lọ́ọ̀kì fún, ti ìgbafẹ́ ló máa ń kẹ́yìn, ìdúró náà lè gba wákàtí mélòó kan. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí Mississippi, láti Alton dé Paducah lórí Ohio, ó ju 200 máìlì lọ, epo fún ọkọ̀ kékeré sì ṣọ̀wọ́n. Ìwọ̀n ẹrù àti ènìyàn tó bá wà nínú ọkọ̀ hàn nínú iye epo tó máa jó. Ẹ̀yin méjì nìkan ni kó gba ibẹ̀.

Erie Canal dára fún ọmọdé, mi ò rí ibòmíràn tó tó o. Ọdún 1825 ni wọ́n ṣí i. Omi rẹ̀ dákẹ́, ìlú kéékèèké wà létí rẹ̀, ọmọ tí ọkọ̀ bá sú lè fi kẹ̀kẹ́ gba etí omi kó sì bá yín ní lọ́ọ̀kì tó kàn. Ní Waterford, lọ́ọ̀kì márùn-ún tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì gbé ọkọ̀ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 169. Ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìbọ̀wọ́ àti bọ́ọ̀lù ìdíwọ́ kan, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbá ògiri, kó máa mójú tó, á sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fún ọdún púpọ̀.

Fún àgbàlagbà, ohun tí ẹ máa wò ni èbúté. Ní Georgia, omi òkun máa ń kún, ó sì ń fà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lójúmọ́. Níbi tí èbúté bá jẹ́ pákó tí wọ́n kàn mọ́ òpó, ọkọ̀ tí ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀ wẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀ á ti wà nísàlẹ̀ pátápátá nígbà ọ̀sán, kò sì sí bó ṣe máa wọlé. Ẹ béèrè lórí fóònù bóyá èbúté náà ń léfòó, tó ń bá omi lọ sókè sódò. Tí kò bá léfòó, ẹ gba hòtẹ́ẹ̀lì fún ẹni tí orúnkún ń dùn, kí ẹ máa lọ bá a lórí ilẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé Beaufort ní South Carolina, ẹ yá mọ́tò, kí ẹ lọ sí Sheldon, kò jìnnà. Ibẹ̀ ni abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà, tí Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi Kìíní, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá sílẹ̀ ní 1970 pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ máa gbé ìgbé ayé Yorùbá. Bí àna yín kan bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ pè é.

Àwọn tó wà ní Atlanta kò ní ojú omi tí ọkọ̀ yín lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì máa ń rò pé Great Loop kò kan àwọn. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Tenn-Tom ní October, ẹ lè kọ́kọ́ bá odò Tennessee gòkè lọ sí Chattanooga kí ẹ tó padà. Bí 250 máìlì ni ní àlọ nìkan. Láti Atlanta, nǹkan bí wákàtí méjì ni ní mọ́tò, ewé igi á sì ti ń pọ́n lórí òkè lọ́tùn-ún lósì.

Àlejò nínú ọkọ̀

Nílé, a lè tẹ́ ẹní sí pálọ̀ fún ẹni mẹ́wàá, ilé ò ní torí ẹ̀ ya. Nínú ọkọ̀, iye ènìyàn kò kọjá iye láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara wọn mu. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 sì wọ tirẹ̀ sọ́rùn nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, àyàfi tó bá wà nínú yàrá ìsàlẹ̀. Ti àgbàlagbà kò lè gba ọmọ ọdún mẹ́rin là, á yọ mọ́ ọn lọ́rùn. Nítorí náà ẹ béèrè ìwọ̀n ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ẹ tó ra tirẹ̀. Bí àwọn tó fẹ́ wá bá pọ̀, orí ilẹ̀ ni kí àríyá ti wáyé. Ọ̀pọ̀ èbúté ní ibi àdógán àti tábìlì. Ẹ sè níbẹ̀, ẹ jó níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọkọ̀ gbé ẹni mẹ́rin mẹ́rin yíká èbúté.

Kí wọ́n má gbé àpótí onítáyà wá. Kò sí ibi tí ẹ máa fi pamọ́ sí. Báàgì Ghana-must-go dára jù ú lọ fíìfíì, nítorí ó ṣeé ká sábẹ́ tìmùtìmù tí wọ́n bá ti kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Kí oúnjẹ tí wọ́n máa kó wá jẹ́ gbígbẹ: gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ tí wọ́n dì dáadáa. Iyán gígún kò bá ọkọ̀ mu. Ọbẹ̀ tí ẹ bá ti sè ní èbúté tí ẹ sì gbé sí fìríìjì lẹ máa gbóná lójú ọ̀nà, nítorí ìkòkò epo gbígbóná lórí ìgbì léwu púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ má tijú. Àgbá kékeré ni ìgbẹ́ ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń fà á jáde ní èbúté ni ẹ ó sì ti tú u. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tú u sínú àwọn Adágún Ńlá rárá. Ẹni méjì lè fi àgbá kan lo ọ̀sẹ̀ kan, ẹni mẹ́fà á kún un láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohunkóhun tí wọn kò bá jẹ ṣáájú, yàtọ̀ sí bébà tó ń yọ́, kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fún ìdílé tó sùn tì í nílé wa ní Nàìjíríà. Èéfín yẹn kan náà ló ń jáde nídìí ọkọ̀. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ jókòó tàbí wẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ kan ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín yìí bá wọlé mọ́ ògiri gbogbo yàrá tí ènìyàn ti ń sùn, kí ẹ sì dán an wò lójú àlejò, kí wọ́n mọ ìró rẹ̀.

Bí Kánádà bá wà nínú rẹ̀

Ọ̀nà méjì ló ti ìhà Erie Canal lọ sí Lake Michigan. Ọ̀kan gba Trent-Severn ti Kánádà, níbi tí àgbá omi ńlá ti ń gbé ọkọ̀ sókè ní Peterborough láti 1904, tí ọkọ̀ rélùwéè sì ń gbé ọkọ̀ ojú omi gorí òkè ní Big Chute. Ó rẹwà, ó sì wu ọmọdé. Ọ̀kejì dúró sí Amẹ́ríkà: ẹ ó gba Erie Canal dé Buffalo, kí ẹ wá bá Lake Erie àti Lake Huron lọ. Àwọn afárá apá ìwọ̀-oòrùn Erie Canal kò gba ọkọ̀ tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 15 àbọ̀ lọ.

Ìwé ìrìnnà àlejò ló máa yan ọ̀nà fún yín. Ẹni tó ní green card Amẹ́ríkà kò nílò físà Kánádà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú káàdì náà àti pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání. Ẹ̀gbọ́n tó fi físà ìbẹ̀wò wọ Amẹ́ríkà nílò físà Kánádà lọ́tọ̀. Bí kò bá ní in, ẹ gba Buffalo, tàbí kí ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó sọdá. Bí ọmọ-ọmọ bá wà lọ́dọ̀ yín láìsí òbí rẹ̀, kí àwọn òbí kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí nọ́ńbà fóònù wọn wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀ ní Kánádà, ẹ ó fi fóònù jábọ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ibodè kí ẹnikẹ́ni tó rìn jáde. Tí ẹ bá ń padà wọ Amẹ́ríkà, áàpù CBP ROAM ni ẹ lè fi jábọ̀. Ẹ jẹ́wọ́ gbogbo ẹran àti èso tó wà nínú fìríìjì.

Mobile

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí tó bá lè wá pé jọ sí Mobile ní November. Tombigbee àti odò Alabama ló pàdé tí wọ́n di odò Mobile, odò yìí lẹ máa bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìlú náà. Nítòsí erékùṣù Twelvemile, ní òkè ìlú díẹ̀, ni àwókù ọkọ̀ Clotilda wà nísàlẹ̀ omi. Ní 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀, ọkọ̀ náà kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah wá síbẹ̀, ọ̀gákọ̀ rẹ̀ sì dáná sun ún láti pa ẹ̀rí rẹ́. Ní 2019 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ti dá àwókù náà mọ̀.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dá àwọn tí Clotilda kó wá sílẹ̀, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n dá Africatown sílẹ̀. Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìran Yorùbá ni, láti apá tí a ń pè ní Benin lónìí, ó sì kú ní 1935. Matilda McCrear, tí ó jẹ́ Àbákẹ́ kí wọ́n tó mú un, kú ní 1940. Ọmọdé ni nígbà tí ọkọ̀ náà gbé e àti ìyá rẹ̀ dé.

Àwọn èbúté ẹ̀gbẹ́ Dog River, ní gúúsù ìlú, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń dúró sí. Ẹ fi mọ́tò lọ sí Africatown láti ibẹ̀. Ilé Africatown Heritage House tí wọ́n ṣí ní 2023 ní àwọn ègé ọkọ̀ náà nínú. Ìjọ Union Missionary Baptist tí àwọn ará ọkọ̀ náà dá sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ-ọmọ ní èdè Yorùbá, bí wọn kò bá tilẹ̀ gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ pe orúkọ Àbákẹ́ fún wọn pẹ̀lú ohùn tó yẹ. Nínú gbogbo ibi tí ọkọ̀ yín máa dé, kò sí èyí tó kan yín tó báyìí.

Bí ilé bá pè yín

Láàárín ọdún kan, ìgbéyàwó á wà, ìsìnkú á wà, ọmọ á sì bí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ yan èbúté mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ lè fi ọkọ̀ sí fún oṣù kan, kí wọ́n jìnnà sí ibi tí ìjì líle ti ń jà, kí pápákọ̀ òfurufú má sì jìnnà sí wọn. Agbègbè Kentucky Lake àti odò Tennessee bá a mu. Kí ẹ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ ti gbogbo ihò tí omi ń gbà wọlé, ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń fa omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jáde ń ṣiṣẹ́, tí bátìrì rẹ̀ sì ń gba iná láti èbúté. Ẹ so okùn ní ìlọ́po méjì. Ẹ sanwó fún ẹnì kan tó máa wọnú ọkọ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹni tó kàn ń wò ó láti òkèèrè kò lè rí omi tó ti dé orókùn nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà dà bẹ́ẹ̀. Medicare àtilẹ̀wá ti ìjọba ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà tó bá gbà á ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ètò Medicare Advantage ni ó so yín mọ́ àwọn dókítà agbègbè kan, àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì. Ní Kánádà, Medicare kì í sábà sanwó rárá, nítorí náà ẹ ra ìdójútòfò ìrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò níbẹ̀. Ẹ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tó máa tó oṣù mẹ́ta bí dókítà bá gbà, ẹ sì lo ilé oògùn tó ní ẹ̀ka káàkiri. Kí orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀ wà lára ògiri nídìí rédíò, pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ tí ẹ yàn ṣe agbẹnusọ, kí àlejò tó bá wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà lè kà á fún ẹ̀ṣọ́ etíkun bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá lè sọ̀rọ̀.